Mo Dá Ìkíni Lóhùn, Mo Sì Kọ Òdo

Ẹni tó bá ń ròyìn iṣẹ́ ayé rẹ̀, ewú ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Èmi ò tíì hu ewú. Ọdún mẹ́wàá péré ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sì ti fi í sílẹ̀ báyìí, nítorí mo ti wá bá ọkọ mi ní Ìsánlú, ọmọ wa kékeré ò sì jẹ́ kí n lè máa gun ọ̀kadà kiri abúlé mọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa ló máa ń bi mí pé, "Àǹtí, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe ní Kabba? Ẹ kì í ṣe tíṣà, ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, gbogbo ọmọ abúlé sì mọ̀ yín." Ó máa ń ṣòro fún mi láti dáhùn. Tí ojú méjì bá ti ń wò mí, ọ̀rọ̀ á há sí mi lọ́fun. Ìwé ò ní ojú. Ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo dé kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì dúró níbẹ̀. Mi ò lè kàwé ni. Láti pírámárì ni tíṣà ti ń kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, á kà á, àwa náà á ké tẹ̀lé e. Èdè òyìnbó la fi ń ké e, bẹ́ẹ̀ èdè Owé, ti àwa ará Kabba, nìkan là ń sọ nílé wa. Mo mọ orin rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Tí ẹ bá nu pátákó náà tán, màá ṣì kà á fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ lórin rí síwájú wa, àṣírí mi tú, ìtìjú sì gbé mi kúrò nílé ìwé.

Ìgbà tí mo wà nílé láìṣe nǹkan kan ni ẹgbẹ́ kan wá gba yàrá méjì nínú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kabba. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti máa dán àwọn ọmọ wò bóyá wọ́n lè kàwé lóòótọ́, kí àwọn sì gbé ohun tí àwọn bá rí lọ síwájú ìjọba, kí ìjọba lè tún bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ṣe. Wọn ò fẹ́ "a rò pé", wọn ò fẹ́ "wọ́n ní". Ohun tí wọ́n bá wádìí tí wọ́n sì rí nìkan ni wọ́n ń gbé kiri. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ yàrá náà fún wọn.

Ọ̀gá wọn jẹ́ hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjùmú, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó máa ń fi báírò mẹ́ta sápò àyà. Bàbá Ẹ̀rí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè sọ tí kò ní fi bi yín pé, "Ẹ̀rí dà?" Tí ẹ bá ní ẹ̀bà ti tutù, ẹ̀rí dà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ó na káàdì kan sí mi.

"Tóyìn, bá mi ka èyí."

Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo wo káàdì, káàdì náà wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ló ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́. Láti ìgbà wo?"

"Láti pírámárì kìíní, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí báírò kan fi jábọ́ nínú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan, ó ní kí n jókòó. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbálẹ̀ tán, á fi wákàtí kan kọ́ mi. Kò kọ orin kankan fún mi. Ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí n fi wọ́n kọ ohun tó bá wà lẹ́nu mi, ní èdè Owé tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kà láyé mi láìkọ ọ́ lórin, orúkọ ìyá mi ni. Mo wò ó, mo tún un wò, mo sá jáde lọ sẹ́yìn ilé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí omi ojú mi.

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Owó oṣù wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dé. Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Gbígbọ́ nìkan ni mò ń kọ́. Màá jókòó sẹ́yìn Ràmátù, ọmọ Ìlọrin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú mi, màá máa gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé fún un. Tí a bá jáde, Bàbá á bi mí pé, "Ọmọ kẹta, báwo ló ṣe pe ewúrẹ́?" Tí mo bá ní, "Ó pè é dáadáa, sà," á ní, "Mi ò bi ọ́ bóyá ó dára. Kí lo gbọ́?"

Ọjọ́ kan wà tí a lọ sí ilé ìwé kan, mo sì yára sọ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

"Mélòó nínú wọn lo bi?"

"Ó hàn lójú wọn ni, sà."

"Ojú wọn lo bi ni, àbí ẹnu wọn?"

Ó ní kí n padà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, nínú oòrùn ọ̀sán. Mo bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ju ìdajì wọn lọ tó lè kàwé. Aṣọ wọn ló ya, ìwé kò ya nínú orí wọn.

Èyí tó dùn mí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkòyí ti ilẹ̀ Ìjùmú. Ọmọbìnrin kan ń kà bọ̀ níwájú mi, ó dé orí ọ̀rọ̀ kan, ó gbójú sókè wò mí, orí mi sì mì díẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mì. Bàbá rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi, ó fà á ya sí méjì.

"Ta ló ka ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ọmọ náà ni, sà."

"Rárá o. Òun àti orí rẹ ni ẹ jọ kà á. Ìjọba ò ní ká wá máa ka iye ìgbà tí orí Tóyìn mì. Kọ ohun tí o gbọ́, má kọ ohun tí o rò, má sì ran ọmọ lọ́wọ́."

Mo sunkún lórí ọ̀kadà títí a fi dé Kabba. Láti ọjọ́ náà lọ, tí ọmọ bá ti jókòó níwájú mi, mo máa ń le bí igi ni. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé ojútì mi wúlò nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ kì í bẹ̀rù ẹni tí òun náà ń bẹ̀rù. Ọmọ tó bá kọ̀ tí kò la ẹnu fún Ràmátù, tí wọ́n bá gbé e wá sọ́dọ̀ mi, á kàwé wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. Nígbà tó yá, èmi ni wọ́n ń rán sí gbogbo abúlé Owé. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ ni mí, etí mi mọ èdè wọn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwé àti pẹ́ńsù la ń kó kiri, pẹ̀lú rọ́bà ìpawérẹ́ àti aago kékeré kan tí a fi ń ka ìṣẹ́jú. Tí òjò bá pa fọ́ọ̀mù, a máa sá wọn sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni sá èlùbọ́. Ní bí ọdún karùn-ún ni wọ́n fún wa ní fóònù. Kò sí ẹrù mọ́, kò sí pé òjò pa fọ́ọ̀mù. Fóònù ń ka ìṣẹ́jú fúnra rẹ̀, ó sì ń gba ohùn ọmọ sílẹ̀. Tí aago bá dún tí ọmọ ò tíì ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, á bi mí pé ṣé ó kà á àbí kò kà á. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ pé kò kà á, á kọ òdo, á pa ojú ewé náà dé, á ní kí n pe ẹlòmíràn. Ìwé máa ń gbà kí n padà sẹ́yìn, kí n fi rọ́bà pa á rẹ́, kí n tún fi ọ̀rọ̀ kejì han ọmọ. Fóònù ò mọ ẹ̀bẹ̀. A yọ̀ mọ́ ọn nígbà náà o. Ràmátù tilẹ̀ ń fi tirẹ̀ gbọ́ wàásù lójú ọ̀nà.

Mo ti wá dé ibi tó ṣòro fún mi láti sọ.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bẹ ìjọba fún ni pé kí wọ́n fi èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé kọ́ ọ ní ìwé kíkà kí wọ́n tó gbé òyìnbó bọ̀ ọ́. Nígbà tí Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú àwọn tíṣà, ẹ̀rín ni wọ́n fi lé e. Ọ̀kan ní, "Ṣé Owé ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò wọ yunifásítì?" Ẹnì kan ṣoṣo ló nawọ́ pé òun á gbìyànjú rẹ̀, ìyẹn Tíṣà Fúnmiláyọ̀, tó ń kọ́ kíláàsì kejì ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kabba. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ìyá rẹ̀ arúgbó wà níbẹ̀, ojú ìyá náà ti fọ́, Tíṣà nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀gá ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ gbà, ṣùgbọ́n ó ka àdéhùn sílẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ó ní ọdún kan ni. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹgbẹ́ wa wá dán àwọn ọmọ náà wò. Tí wọn ò bá lè kàwé, wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ Tíṣà, wọ́n á gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, a ò sì gbọ́dọ̀ tún dá ọ̀rọ̀ èdè Owé sílẹ̀ níwájú òun mọ́. Àwọn òbí kan ò dúró kí ọdún pé, wọ́n yọ ọmọ wọn kúrò. Tíṣà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí a bá pàdé, á ní, "Àǹtí Tóyìn, ẹ máa bọ̀ o. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ wọn!"

Èmi ni wọ́n rán láti lọ dán wọn wò. Káàdì tuntun ni wọ́n fún mi. Láti ìlú òkèèrè ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wá, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń pe ohun tí a fi ń so ewúrẹ́: okùn. Ṣùgbọ́n láìsí àmì, lẹ́tà mẹ́rin lásán ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé okun ni ìkíni wa. Tí ènìyàn bá ti oko dé, okun. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́, okun. Tí ó bá ṣubú, okun náà ni. Òun ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa ní ará Okun. Ẹni tó bá kí wa bẹ́ẹ̀ tí a ò dáhùn, wọ́n á ní ilé wa ò dára.

Ọmọ àkọ́kọ́ wọlé. Tíṣà ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má sọ nǹkan kan àfi ohun tó wà nínú káàdì. Ọmọ náà rọra jókòó. Ó wo káàdì. Ó ní, "Okun."

Mo ní, "Okun o, ọmọ dáadáa. Ó yá, kà á."

Ó wò mí, ó wo káàdì. Ó tún ní, "Okun."

"Mo ti gbọ́. A ti kíra. Kà á báyìí."

Ó wá panu mọ́. Aago dún. Fóònù bi mí, mo tẹ̀ ẹ́ pé kò kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n ń kí mi, mò ń dá wọn lóhùn, mo sì ń kọ òdo. Díẹ̀ wà tí ìjáyà mú tí wọn ò sọ nǹkan kan rárá. Mo rántí pé mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́, ó ṣe wá jẹ́ pé wọn ò mọ̀wé. Mo le bí igi, mi ò mira, mi ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ń ṣe iṣẹ́ mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní tó bá bọ́ sílẹ̀ kì í ṣeé kó. Èyí tí a bá tẹ̀ sínú fóònù tún burú ju ti ẹnu lọ, nítorí kí n tó dé Kabba ni ó ti dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n kọ lẹ́tà sí Tíṣà pé ìpàdé máa wà lọ́jọ́bọ̀, níbi tí wọ́n ti máa gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn òbí.

Tíṣà wá bá mi ní yàrá ẹgbẹ́ wa, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jókòó.

"Àǹtí Tóyìn, gbogbo wọn? Kò sí ẹyọ kan tó kà?"

"Mo kọ ohun tí mo gbọ́, mà."

"Ọmọ tó ń ka Bíbélì sí ìyá mi létí ní gbogbo ọ̀sán, òun náà ò kà?"

"Mo kọ ohun tí mo gbọ́, mà."

Ó ní, "Ìwọ náà, ọmọ Owé ni ọ́ o, Tóyìn." Ó yí padà, ó lọ. Kò pè mí ní Àǹtí mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lára. Mo bi ara mi léèrè bí Bàbá ṣe máa ń bi wá: ẹ̀rí dà? Ẹ̀rí wà nínú fóònù. Mo bẹ Ràmátù kó bá mi ṣí ohùn àwọn ọmọ náà. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, a jókòó lábẹ́ fèrèsé, a ń gbọ́.

Lẹ́yìn ọmọ kẹrin, Ràmátù ní, "Kí ni wọ́n ń sọ yẹn?"

"Wọ́n ń kí mi ni."

"Gbogbo wọn? Ẹ̀yin ará ibí mà lẹ́kọ̀ọ́ o! Ọmọ á wọlé, kò ní kí ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbà tó bá wo káàdì kó tó kí ọ. Ṣé káàdì ló rán an létí ni?"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ mú káàdì náà lórí tábìlì. Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn yí káàdì náà sí mi, ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Mo kà á bó ṣe wà níbẹ̀, láìsí àmì: okun. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé okun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Tíṣà kọ sójú pátákó fún wọn lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni gbogbo ọmọ máa ń gbọ́ ní àárọ̀. Ohun tó kọ́ wọn gan-an ni wọ́n kà. Ràmátù tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin ì bá ti fi ọ̀rọ̀ kejì hàn wọ́n. Ọmọ onílẹ̀ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí.

Mo gbé e lọ bá Bàbá. Ó gbọ́ ohùn náà látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó di ojú.

"Ta ló fà á?"

"Èmi ni, sà. Àti ẹni tó tẹ káàdì láìfi àmì sí i."

"Ti káàdì kì í ṣe tìrẹ. Èmi ni mo gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Sọ tìrẹ."

"Mo dá wọn lóhùn, sà. Mo rò pé wọ́n ń kí mi."

Ràmátù, tí àánú mi ń ṣe, ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní fóònù ló bàjẹ́. Ká tún wọn dán wò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Tí ọ́fíìsì bá gbọ́ èyí, wọ́n á ní gbogbo ìwádìí wa láti ọjọ́ yìí, irọ́ ni."

Bàbá ò bínú sí i. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá parọ́ lónìí, ẹnu wo ni a ó fi ní kí wọ́n gba ẹ̀rí wa lọ́la?" Ó wá kọjú sí mi. "Ìpàdé ku ọ̀túnla. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

"Sà, ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ."

"Ẹni tó gbọ́ ló ń jẹ́rìí. Èmi ò sí níbẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ dé. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà kún fọ́fọ́. Tíṣà jókòó níwájú, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀gá ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, tí òun náà jẹ́ ọmọ Kabba, ti mú lẹ́tà jáde, ó fẹ́ kà á. Bàbá dìde, ó ní ẹgbẹ́ wa ní ọ̀rọ̀ kan. Ó jókòó, ó fi mí sílẹ̀ ní ìdúró.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí láti àárọ̀ fò lọ. Ohùn mi ò jáde. Ọkùnrin kan láàárín àwọn òbí pariwo pé, "Gbóhùn sókè! Àbí ọkọ ni wọ́n fẹ́ fún ọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi. Mo rìn lọ bá Ọ̀gá, mo kúnlẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yìí nìkan. Ẹ bá mi kà á sókè."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ó fi awò sójú. Ó ní, "Okun."

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn, ọkùnrin, obìnrin, "Okun o!" Ìyá àgbàlagbà kan lẹ́yìn tilẹ̀ fi kún un pé, "Okun o, ọmọ mi, ilé ńkọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì tún ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Mi ò kí yín. Mo kàwé ni."

Ìgbà náà ni ohùn mi dé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà, sà. Wọ́n kàwé. Èmi ni mo rò pé wọ́n ń kí mi." Mo tẹ fóònù, mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ náà. Wọ́n gbọ́ tèmi: a ti kíra, kà á báyìí. Àwọn kan tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọmọ mìíràn tó sọ "okun" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún, tí aago sì dún lé e lórí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Tíṣà Fúnmiláyọ̀ ti fi gèlè bojú.

Ọ̀gá ò jẹ́ kí a lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní olùwádìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ò lè wádìí!"

Bàbá dìde. "Ó rí bẹ́ẹ̀, sà." Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó tẹrí ba nìyẹn.

"Ẹ̀rín àwọn ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rí náà. Ẹ tún wọn dán wò. Kí ọmọbìnrin yìí má sì wọ inú kíláàsì." Ó ká lẹ́tà náà sínú àpò. Kò fà á ya.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní gbogbo ọdún tí mo tún lò nínú ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, káàdì kankan ò jáde láìjẹ́ pé ọmọ Owé, ọmọ Ìyàgbà, ọmọ Ìjùmú àti ọmọ Bùnù ti kọ́kọ́ kà á sí wa létí, kí a lè mọ ohun tí ojú wọn rí nínú rẹ̀. Wọ́n dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀. Fóònù náà, wọ́n tún un ṣe kó lè padà sẹ́yìn. Èmi ni wọ́n ń ní kí n sọ ìtàn òdo mi fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìtìjú rẹ̀ kì í tán, ṣùgbọ́n mò ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń bi mí, tí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ò ti ní ṣe àṣìṣe, mi ò mọ irú rẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n ti máa ń gbà kí ẹ sọ pé ẹ ṣe é.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, Ràmátù ló lọ tún àwọn ọmọ náà dán wò. Èmi àti Tíṣà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lóde. Ohùn àwọn ọmọ ń gba ojú fèrèsé jáde, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn kan yára, àwọn kan ń fà á. Tíṣà ń fi ìka rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí itan bí wọ́n ṣe ń kà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá fagi lé lẹ́tà rẹ̀, kíláàsì ṣì jẹ́ ti Tíṣà. Bàbá ní kí n mú èsì náà lọ fún un fúnra mi. Mo bá a nínú kíláàsì, ó ń nu pátákó. Mo kúnlẹ̀, mo ní wọ́n kà á, mà, gbogbo wọn kà á àfi mẹ́rin. Mo retí kó yọ̀, tàbí kó bú mi. Ó tọ́ sí mi.

Kò ṣe ìkankan. Ó ní, "Àwọn mẹ́rin wo?"

Mo dárúkọ wọn. Ó ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n ń ka orúkọ ará ilé rẹ̀.

"Àwọn náà ni," ó ní. "Mo ti mọ̀. Ìwé yín bá tèmi mu lọ́tẹ̀ yìí."

Ó na ọwọ́ sínú páálí, ó mú ṣọ́ọ̀kì méjì jáde, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́.

"Dìde nílẹ̀, Àǹtí Tóyìn. Mú méjì nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà, kọ́ wọn. Èmi á mú méjì."